Ta ló wọ̀n ọ́n, òórùn kí ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń wọn imú ẹran

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kékeré kan ní Èbúté Mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fẹ́ ra ajá kan tí wọn yóò kọ́ láti máa fimú wá ẹrù tí òfin kọ̀. Ajá méjì ló délẹ̀, owó ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó èkejì. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n ní imú èyí tó wọ́n jù yẹn mú ju ti ènìyàn lọ ní ìlọ́po 10,000. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ imú ẹran ni mo fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, àti pé mo ṣì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é. Ìbéèrè méjì péré ni mo ní kí wọ́n bi ọkùnrin náà: ta ló wọ̀n ọ́n, òórùn kí ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n? Kò rí èsì kankan fún wọn. N kò rò pé ó ń purọ́. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ lòun náà ń sọ.

Ọ̀nà tí a fi ń wọn imú ẹran pọ̀, kálukú ló sì ní ohun tó lè sọ àti ohun tí kò lè sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Akoka, ẹni tó fẹ́ ra ajá ẹ̀ṣọ́, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó fẹ́ fi nǹkan han àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀: ọ̀nà kan náà kọ́ ló yẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn jọ síbí.

## Gbọ́ yàtọ̀ sí dáhùn

Èdè wa ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí fún wa. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn. Ẹ wo ìyá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Mushin, tó ń pe ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ náà dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́, ṣùgbọ́n eré dùn mọ́ ọn. Ó sì lè jẹ́ pé ó dáhùn, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá tó bá sáré pinnu pé etí ọmọ òun ti di, ó ti ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹran. Tí ajá bá kọjá lára agolo tí òórùn wà nínú rẹ̀ tí kò sì dúró, kì í ṣe imú rẹ̀ nìkan ló lè fà á. Àwọn ọ̀nà ìwọ̀n tó wà pín sí ibi tí kálukú wọn ti ń gbọ́ ẹjọ́. Òmíràn ń béèrè bóyá ẹran ní ohun tí yóò fi gbọ́. Òmíràn ń béèrè bóyá imú gbọ́. Òmíràn ń béèrè bóyá ẹran bìkítà, òmíràn sì ń béèrè bóyá yóò sọ fún wa. Ẹni tó bá mú èsì ọ̀kan láti dá ìbéèrè èkejì lóhùn ló máa ń bọ́ sínú wàhálà.

| Ọ̀nà | Ohun tó ń wọ̀n | Àsìkò tó ń gbà | Ẹni tó yẹ |
|---|---|---|---|
| Kíkọ́ ẹran láti yan agolo | Òórùn tó kéré jù tí ẹran gbọ́, tó sì sọ | Ọ̀sẹ̀ mélòó kan | Ẹni tó fẹ́ fi ajá tàbí òkété ṣiṣẹ́ |
| Wíwo bí òórùn ṣe ń sú ẹran | Bóyá ẹran mọ̀ pé òórùn ti yí padà | Ọjọ́ díẹ̀ | Akẹ́kọ̀ọ́ tí àsìkò ń lé |
| Oúnjẹ tí a rì mọ́lẹ̀ | Bóyá imú ń ṣiṣẹ́ rárá | Ọjọ́ méjì | Ẹni tó ní eku láàbù |
| Gbígba iná láti ara imú | Bóyá imú fúnra rẹ̀ gbọ́ | Ọjọ́ kan, tí irinṣẹ́ bá ti wà | Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò tàbí ẹja |
| Kíka jíìnì (àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara) | Iye oríṣi ohun tí ẹran fi ń gba òórùn | Kò nílò kí ẹran wà níwájú ẹni | Ẹni tó ń fi oríṣi ẹran wé ara wọn |

## Agolo mẹ́rin: ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù

Kò sí ohun tó rọrùn tó ọ̀nà yìí láti ṣàlàyé, kò sì sí èyí tó rọrùn tó o láti bà jẹ́. Ẹ to agolo mẹ́rin. Òórùn wà nínú ọ̀kan, omi lásán wà nínú mẹ́ta. Ẹ ti kọ́ ajá pé tó bá bá òórùn náà, kó jókòó, yóò gba ẹ̀bùn. Tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ máa bomi la òórùn náà títí kò fi ní lè yàn án mọ́. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í yàn ni ààlà imú rẹ̀ fún òórùn yẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́rin, tí kì í ṣe méjì? Ajá tí kò gbọ́ òórùn rárá lè ṣèèṣì yan agolo tó tọ́. Nínú agolo méjì, yóò ṣèèṣì mọ̀ ọ́n ní ìdajì ìgbà. Nínú mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni. Kí ajá ṣèèṣì mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra nínú agolo méjì, àǹfààní rẹ̀ jẹ́ 1 nínú 1,024. Nínú agolo mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ló máa gbà á láti dé 1 nínú 1,024 yẹn kan náà. Ìdajì iṣẹ́ ló ti dín kù, ajá kò sì ní tètè rẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó ra ohunkóhun, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń dán ajá wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú agolo méjì, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ajá gbọ́. Ẹni tó ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta lè rí orí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan.

Agolo tí kò ní òórùn gbọ́dọ̀ rí bí èyí tó ní in nínú gbogbo nǹkan yòókù. Iye omi kan náà, òwú kan náà, ọwọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi, agolo tó ní òórùn nìkan ni mo máa ń ṣí ní ìdánwò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọjọ́ mẹ́fà rò pé ajá tí mò ń dán wò ń ṣe iṣẹ́ ìyanu. Òórùn àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń tẹ̀ lé. Láti ìgbà yẹn, ìbọ̀wọ́ ni mò ń lò, agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì ń fọwọ́ kàn. Ẹ má lo ike tí ẹ bá rí agolo tàbí ìgò, torí ike máa ń mu òórùn pamọ́ sára, ó ń tú u jáde lọ́jọ́ kejì. Omi gbígbóná lẹ fi fọ̀ wọ́n, kò sí ọṣẹ olóòórùn, kí ẹ sì sá wọn sóòrùn.

Ohun mìíràn tí kò gbọdọ̀ ṣaláìsí ni agolo tó rọrùn. Láàárín àwọn èyí tó le, ẹ máa fi òórùn tó lágbára sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ajá bá mọ èyí tó rọrùn tí kò sì mọ èyí tó le, imú rẹ̀ ti dé ààlà. Tí kò bá mọ èyí tó rọrùn mọ́, ẹ dúró. Ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí ooru ń mú un, tàbí ẹ̀bùn yín kò wù ú mọ́. Agolo yìí ló ń ya "kò gbọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "kò dáhùn". Bákan náà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó jẹ́ pé omi lásán ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rí bóyá ajá máa jókòó nítorí ẹ̀bùn nìkan.

## Ẹni tó mọ̀ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1904, ẹṣin kan wà ní Berlin, Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Hans. Wọ́n ní ó mọ ìṣirò, ó ń fi pátákò rẹ̀ lu ilẹ̀ iye ìgbà tí ìdáhùn jẹ́. Oskar Pfungst yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1907: ojú àti orí ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè ni Hans ń wò. Tí oníbèéèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kò mọ̀ ọ́n.

Ajá kò yàtọ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California, ní Davis, kó ajá 18 pẹ̀lú àwọn tó ń darí wọn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń darí wọn pé oògùn olóró tàbí ẹ̀tù lè wà níbẹ̀, wọ́n sì lẹ bébà pupa mọ́ àwọn ibì kan gẹ́gẹ́ bí àmì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ìgbà 225 ni wọ́n sọ pé ajá ti rí nǹkan, ibi tí bébà pupa wà ló sì pọ̀ jù.

Nítorí náà, ẹni tó to agolo kó jáde kúrò nínú yàrá. Ẹni tó di okùn ajá mú kò gbọdọ̀ mọ ibi tí òórùn wà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè yan ibi tí agolo olóòórùn yóò wà, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò fi pa mọ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mú àbájáde wá fún yín tí kò sì lè sọ ẹni tó mọ ibi tí òórùn wà àti ibi tó dúró sí, ẹ má fi owó yín sí i.

## Bíbomi là, àti ohun tí Èkó ń ṣe sí i

Ẹ bu mílílítà 1 òórùn sínú mílílítà 9 omi. Ó di ìpele kìíní, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ bu mílílítà 1 nínú rẹ̀ sínú 9 mìíràn. Ní ìpele kẹfà, ẹ ti wà ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan. Sírínjì tuntun ni kí ẹ lò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpele kẹfà yín lè máà yàtọ̀ sí ìpele kẹta.

Òórùn wo? Fún ìdíje láàárín ajá méjì ní àdúgbò yín, omi irú tó. Ó lágbára, ó wà lọ́jà Oyíngbò, ajá sì ń tètè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àkópọ̀ òórùn púpọ̀ ni irú, irú ìyá kan kò sì rí bí ti ìyá kejì. Tí ẹ bá fẹ́ fi nọ́ńbà yín wé ti ẹlòmíràn nílùú mìíràn, kẹ́míkà kan ṣoṣo tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹ máa lò. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún ajá ni amyl acetate, tó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń ṣubú wá nìyí. Ajá kò fi imú bọ inú omi. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi ló ń gbọ́. Iye òórùn tó gòkè sínú afẹ́fẹ́ yẹn kò dọ́gba pẹ̀lú iye tó wà nínú omi: ohun tí òórùn náà wà nínú rẹ̀ àti bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó ló ń pinnu rẹ̀. Òórùn tó fẹ́ràn epo yóò dúró sínú epo, díẹ̀ ni yóò gòkè. Ẹ bu òórùn yẹn kan náà sínú omi, yóò sáré jáde. Ọbẹ̀ kan náà tó tutù lórí tábìlì tí kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ gbé e kaná, gbogbo ilé á mọ̀. Nítorí náà, "ìdá kan nínú mílíọ̀nù" tí ẹnì kan wọ̀n ní yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà àti èyí tí ẹlòmíràn wọ̀n ní gbàgede Sùúrùlérè lọ́sàn-án gangan, ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àwọn láàbù tó lówó ń lo ẹ̀rọ tó ń po afẹ́fẹ́ olóòórùn mọ́ afẹ́fẹ́ mímọ́, tí wọ́n á sì sọ iye tó wà nínú afẹ́fẹ́ gan-an. Tí ẹ kò bá ní in, ó kéré tán, ẹ kọ ohun tí ẹ bomi là pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀ àti bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó.

Èkó ní tirẹ̀ láti fi kún un. Èéfín ẹja láti Makoko, gọ́tà tí òjò kún, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n tan ní wákàtí tí iná lọ. Gbogbo rẹ̀ ń wọ inú agolo. Ooru tún ń ṣe ju ìyẹn lọ. Ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí ooru, ẹnu ló fi ń mí, imú rẹ̀ kò sì ní fa òórùn dáadáa nígbà yẹn. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń parí kí aago mẹ́jọ tó lù. Ẹni tó bá dán ajá kan wò láàárọ̀, tó dán èkejì wò lọ́sàn-án, kò tíì fi wọ́n wé ara wọn.

## Nọ́ńbà kan tó yẹ kí gbogbo olùtajà mọ̀

Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Florida, ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde kan jáde lórí ajá méjì àti òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yẹn. Àwọn ajá náà gbọ́ ọ nígbà tó jẹ́ ìpín 1 sí 2 péré nínú tírílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ohun tó wú mi lórí kì í ṣe bó ṣe kéré tó. Àwọn tó ti wọn ajá ṣáájú wọn ti rí nọ́ńbà tó ga ju èyí lọ, láti ìlọ́po 30 títí dé ìlọ́po 20,000. Ajá ni gbogbo wọn. Bí a ṣe bi wọ́n ní ìbéèrè, bí a ṣe kọ́ wọn, bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó, ni ó yàtọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó ń ta ajá. Ìyàtọ̀ tí ọ̀nà ìwọ̀n nìkan lè dá sílẹ̀ láàárín ajá àti ajá tó ìlọ́po 20,000, ó ju ìlọ́po 10,000 tó ní ó wà láàárín ajá àti ènìyàn lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òórùn kan yàtọ̀ sí òmíràn. Matthias Laska, ní Yunifásítì Linköping ní Sweden, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn imú ọ̀bọ àti ti ènìyàn. Nígbà tó kó àwọn ìwọ̀n tó wà nílẹ̀ jọ, ó hàn pé ajá ju ènìyàn lọ nínú ọ̀pọ̀ òórùn, pàápàá àwọn òórùn ọ̀rá tó máa ń wà lára ẹran ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn òórùn kan wà tí ènìyàn gbọ́ ní ìwọ̀n tó kéré ju ti ajá lọ. Ìgbàgbọ́ pé imú ènìyàn kò dá nǹkan kan mọ̀ kò ti inú ìwọ̀n wá. Olùwádìí kan, John McGann, tọpa rẹ̀ ní 2017 dé ọ̀dọ̀ Paul Broca, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Broca wo ọpọlọ, ó rí i pé apá tó ń gba òórùn kéré nínú tiwa, ó sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀.

## Nígbà tí kò sí àsìkò láti kọ́ ẹran

Ẹ gbé òórùn kan síwájú eku fún ìṣẹ́jú méjì. Yóò fi imú kàn án, yóò máa fa òórùn rẹ̀ símú. Ẹ tún gbé e wá lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Yóò sú u. Ẹ wá gbé òórùn mìíràn wá. Tí eku bá tún sáré wá wò ó, ó mọ̀ pé ó yàtọ̀. Fóònù tó ń ya fídíò àti aago ni ẹ nílò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kù díẹ̀ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè ṣe é parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àìlera rẹ̀ ni pé "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ lágbára, "bẹ́ẹ̀ kọ́" rẹ̀ kò lágbára. Tí eku bá wò ó, ó gbọ́. Tí kò bá wò ó, ẹ kò mọ nǹkan kan. Òórùn náà lè máà já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ ni. N kò ní gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mi fi ọ̀nà yìí kọ ọ́ pé ààlà imú ẹran kan nìyí.

Oúnjẹ tí a rì mọ́lẹ̀ tún kéré sí ìyẹn. Ẹ fi ebi pa eku mọ́jú, ẹ bo oúnjẹ mọ́ ibùsùn rẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú. Yóò sọ fún yín bóyá imú rẹ̀ ti kú tàbí ó ṣì wà láàyè, ó parí.

## Gbígba iná láti ara imú

Ọ̀nà yìí kò bi ẹran ní ìbéèrè rárá. Nígbà tí òórùn bá kan ibi tó ń gbà á, iná kékeré máa ń ṣẹ̀ níbẹ̀. David Ottoson wọ̀n ọ́n dáadáa nínú imú ọ̀pọ̀lọ́ ní ọdún 1956. Ní 1957, Dietrich Schneider wọ̀n ọ́n lára irun gígùn méjì tó yọ síwájú orí kòkòrò tí ń hun sílíìkì, torí ibẹ̀ ni kòkòrò fi ń gbọ́ òórùn. Nígbà tó di 1970, Kaissling àti Priesner ti fi hàn pé mólékù kan ṣoṣo òórùn abo lè ta iṣan imú akọ kòkòrò náà jí.

Fún wa ní Èkó, ẹ̀fọn ni mo rò pé ọ̀nà yìí wúlò fún jù. Ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábà níbí, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Ẹ kò lè kọ́ Anopheles gambiae, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀fọn ibà yẹn, láti jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi gíláàsì tín-ínrín tó kún fún omi iyọ̀ so mọ́ irun orí rẹ̀, kí ẹ fẹ́ òórùn ẹsẹ̀ ènìyàn sí i, kí ẹ sì rí i bóyá ó gbọ́. Fún ẹja náà, ó ti tú àṣírí ìtàn àtijọ́ pé kò sí ẹja tí imú rẹ̀ mú tó ti ẹkùn-omi (shark): ní 2010, Tricia Meredith àti Stephen Kajiura fi í wọn imú oríṣi márùn-ún nínú ẹkùn-omi àti ìbátan wọn, wọ́n sì rí i pé imú wọn kò mú ju ti àwọn ẹja yòókù lọ.

Ẹ má sì gbà pé iná ni òpin ọ̀rọ̀. Irun orí ẹ̀fọn lè gbọ́ òórùn tí ẹ̀fọn kò ní fò lọ bá. Ní ìdàkejì, ọpọlọ ń kó ohùn ọ̀pọ̀ iṣan pọ̀, nítorí náà kòkòrò lè fò tọ òórùn tó kéré débi pé ẹ̀rọ yín kò rí iná kankan. Ẹ so ọ̀nà yìí pọ̀ mọ́ páìpù tó rí bíi lẹ́tà Y, kí ẹ jẹ́ kí kòkòrò yan apá tó fẹ́. Àti pé, lórí ẹran tó ní eegun ẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà sí ẹran nílé ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹran kankan.

## Jíìnì

Linda Buck àti Richard Axel ló rí àwọn jíìnì tó ń ṣe ohun tí imú fi ń gba òórùn ní 1991, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Ènìyàn ní nǹkan bí 400 tó ń ṣiṣẹ́, ajá ní nǹkan bí 800, erin ilẹ̀ Áfíríkà ní nǹkan bí 2,000. Ó dára láti mọ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi ni ó ń kà, kì í ṣe bí òórùn ṣe lè kéré tó kí ẹran tó gbọ́ ọ. Iye ìlù tó wà lójú agbo kò sọ bí etí àwọn tó ń jó ṣe mú tó. Ẹni tó ń ra ajá kò nílò rẹ̀.

## Ajá tàbí òkété?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí ní èyí, inú mi sì máa ń dùn, torí òkété ni ẹran tiwa. Àjọ APOPO, tí Bart Weetjens láti Belgium dá sílẹ̀ ní 1997, ń kọ́ ìbátan òkété wa ní Morogoro, Tanzania, láti fimú wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀ àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí ju bọ́ǹbù 100 lọ ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní mẹ́dàlì wúrà ní 2020. Òkété kò wúwo tó láti mú kí bọ́ǹbù bú, ó ń tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá ń fún un lóúnjẹ, kò sì náání ẹni tó di okùn rẹ̀ mú tó bí ajá ti ń náání ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó kẹ́yìn yẹn jẹ́ àǹfààní ńlá fún ìwọ̀n tó mọ́. Ṣùgbọ́n alẹ́ ni òkété fẹ́ràn, kò fẹ́ oòrùn, àwọn tó ń tà á lójú ọ̀nà sì ń mú u láti inú igbó, èyí tó lè gbé àrùn wá, tí ẹ̀rù ènìyàn sì ń bà. Tí ẹ kò bá rí èyí tí wọ́n bí sílé, ẹ mú ajá.

Ajá náà ti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn nítòsí wa. Ní 2019, àbájáde jáde lórí ajá méjì tí wọ́n kọ́ láti gbọ́ òórùn ibà lára ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ Gáńbíà. Nínú ìbọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ti ọmọ tó ní kòkòrò ibà, wọ́n mọ nǹkan bí méje; nínú mẹ́wàá ti ọmọ tí kò ní in, wọ́n mọ nǹkan bí mẹ́sàn-án. Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà méjì ni wọ́n sọ. Ajá tó bá jókòó síwájú gbogbo ìbọ̀sẹ̀ yóò mọ gbogbo ti aláìsàn, kò sì ní wúlò fún ẹnikẹ́ni.

## Ajá méjì ti Èbúté Mẹ́ta

Ọkùnrin náà gbà kí ẹ̀gbọ́n mi san àsansílẹ̀ kí wọ́n sì mú ajá méjèèjì sọ́dọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi irú ni a lò, agolo mẹ́rin, láàárọ̀ kùtù. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló ń to agolo, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì ń wọlé lọ. Èyí tí owó rẹ̀ kéré dé ìpele karùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í yàn. Èyí tó wọ́n kò kọjá ìpele kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ní kí wọ́n dá a padà nígbà tí mo yẹ ìwé wò. Agolo tó rọrùn náà, èyí tí òórùn rẹ̀ tó kí ènìyàn gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ó ń kọjá lára rẹ̀. Imú kọ́. A fi bọ́ọ̀lù rọ́pò bisikíìtì tí a fi ń ṣe ẹ̀bùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, òun náà dé ìpele karùn-ún.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni wọ́n rà, torí bisikíìtì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ní lápò. Ọkùnrin tó ń ta ajá ti ní kí n wá fi agolo mẹ́rin náà han òun lọ́jọ́ Sátidé.